Ẹrẹ̀ Abẹ́ Ayùn

Àwọn tó ní omi ò lọ́tàá, wọn ò tíì mu omi àdúgbò yìí ni. Omi tó mọ́ gaara, tí kò rùn, tí kò ní àwọ̀, tó jẹ́ pé téèyàn bá bù ú mu nínú oòrùn ọ̀sán, á tutù lọ dé ìsàlẹ̀ ikùn, òun náà ló ń pa àwọn ará ibẹ̀ lọ́mọ díẹ̀díẹ̀. Lókè odò ni àwọn kan ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ tà. Nígbà tí ìjọba yóò fi rántí wá ti ibẹ̀ pa, àwọn onílé iṣẹ́ ti kó èrè wọn, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Òjé tó ti wọlẹ̀ nìkan ni wọn ò kó. Òjò ń rọ̀, òjé ń ṣàn, kànga ń gbà á. Ẹni tó bá sì ń wá ẹni tí yóò bú, kó lọ bú afẹ́fẹ́.

Bàbá Ayùn kò kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun ló ń darí ayùn ńlá nínú ọgbà tí wọ́n ti ń gé òkúta mábù, níparí òpópónà. Ayùn náà ga ju ènìyàn lọ. Tó bá ń yí, omi gbọ́dọ̀ máa dà sí i lórí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbóná, eyín rẹ̀ á sì ká. Omi yẹn máa ń gbá lẹ́búlẹ́bú òkúta wá sísàlẹ̀, á di ẹrẹ̀ funfun báláú, á kún inú kòtò. Láti ìgbà tí irun orí Bàbá ti dúdú ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Irun náà ti wá funfun báyìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ewú nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ eruku òkúta. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí òun bá fọ orí òun dáadáa, àwọn èèyàn á rí i pé ọmọdé ni òun.

"Omi tí bàbá mi mu tó fi darúgbó," ló máa ń wí, "tí èmi náà mu tí eyín mi ò yẹ̀, òun lẹ wá ń sọ fún mi pé májèlé ni?"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti mú ju abẹ lọ. "Bàbá, dìde!" Bàbá á dìde. "Bàbá, jókòó!" Bàbá á jókòó. Arúgbó tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ gan-an ń fi sùúrù bá sọ̀rọ̀, ọmọ tí kò tíì mọ ṣòkòtò wọ̀ ló ń rán an kiri inú ilé. Bàbá á bi í pé, "Ìwọ yìí, ṣé ìwọ lo bí mi ni àbí èmi ni mo bí ìyá ẹ?" Ọ̀gá Kékeré á fi ọwọ́ lu àyà, á ní, "Èmi!" Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú rẹ̀. Ká má tan ara wa jẹ, kò sí ohun tí arúgbó yìí fẹ́ràn láyé tó ọmọ yẹn.

Ọmọ náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú. Kò jẹun mọ́. Ojú rẹ̀ ṣá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wé mọ́ ara wọn tó bá ń rìn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù, òjé ni wọ́n bá níbẹ̀.

Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní, "Ọmọ yìí ṣì kéré. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń fún un ní òjé, ara rẹ̀ á rọra tú u dànù. Ṣùgbọ́n tí òjé bá ṣì ń wọlé sí i, ọpọlọ ni yóò lọ bá. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe."

Ìyá ọmọ yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ayùn bí. Iṣẹ́ àyẹ̀wò omi ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi sọ ọ́ ní Dókítà Omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí náà ilé bàbá rẹ̀ ni òun àti ọmọ ń gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé, kò sunkún. Ó wọ ọgbà òkúta lọ tààrà, ó dúró sẹ́nu kòtò ẹrẹ̀ funfun, ó ń wò ó bí ẹni tí ń ná ọjà.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin ń gbẹ́ nǹkan yìí dànù?"

"A ń dà á sẹ́yìn ọgbà. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó ṣàlàyé fún un. Òkúta mábù àti òjé máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí omi tó ní òjé bá rọra gba inú ẹrẹ̀ náà kọjá, òkúta á gbá òjé mú, omi nìkan ni yóò jáde nísàlẹ̀. Bàbá ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, àmọ́ òun ni ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ kòtò. Wọ́n sá ẹrẹ̀ náà gbẹ, wọ́n fọ́ ọ sí kélekèle bí erùpẹ̀ oko. Wọ́n wá àgbá ńlá, wọ́n da yanrìn sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n da òkúta fífọ́ yìí lé e, wọ́n da omi kànga sí i lókè. Gbogbo àdúgbò wá wòran. Aránṣọ tó ń ránṣọ ní iwájú ilé wọn, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó máa ń pe Bàbá ní ọkọ òun, pa ọwọ́ mọ́ra.

"Dókítà, ẹ dárí jì mí o," ó ní. "Èmi rò pé omi la fi ń fọ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ lẹ wá fẹ́ fi fọ omi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà Omi gbé omi tó jáde lọ sí ọ́fíìsì, òjé tó wà nínú rẹ̀ kò ju ohun tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò pẹ́ tí àgbá fi tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà, tí àwọn ìyá ń tò níwájú wọn pẹ̀lú garawa. Aránṣọ ló ń wà níwájú jù. Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ.

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi sí ọwọ́ Bàbá. Bí ẹrẹ̀ inú àgbá bá pẹ́, á yó, kò ní lè gba òjé mọ́, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á kó òmíràn sí i. Dókítà Omi ní kòtò kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lẹ́yìn ọgbà ni kí wọ́n máa kó èyí tó ti yó sí, kí wọ́n sì fi páànù bò ó. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án," ó ní. Bàbá ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ká má purọ́ mọ́ ọn. Etí ló fi gbọ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àwọn tó ń gé òkúta. Wọn kì í ra ọ̀dà funfun. Ẹrẹ̀ abẹ́ ayùn ni wọ́n fi ń kun ilé, wọ́n á pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ sára ògiri, ilé á mọ́ rekete. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tabẹ́ ayùn jáde máa ń ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú, ó máa ń ha ọwọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa fi omi sẹ́ ẹ léraléra kó tó kúnná. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí gbogbo wọn ń sọ nídìí iṣẹ́ náà, èyí tí ọ̀gá kọ́ Bàbá, tí òun náà fi kọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: ohun tó bá ti gba abẹ́ omi kọjá, ó ti mọ́. Nídìí ayùn, òótọ́ ni. Òkúta tó dọ̀tí wọlé á gba abẹ́ omi, á jáde ní mímọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ́fíìsì rán Dókítà Omi lọ yẹ omi wò ní ìlú mìíràn, Bàbá wo yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ọ̀rinrin ti jẹ ògiri, ọ̀dà àtijọ́ ń ṣí bó bí awọ ara. Ó ní òun á kùn ún kí ìyá ọmọ tó dé, kó lè bá a bẹ́ẹ̀ kí inú rẹ̀ dùn. Ó lọ sẹ́yìn ọgbà, ó ṣí páànù, ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ tó ti yó. Ẹrẹ̀ náà kúnná bí ìpara. Omi ti ń gba inú rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru, kò sí òkúta wẹ́wẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ó fi ìka méjì ra á, ó mi orí. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé májèlé tó bá ti wọ inú òkúta, òkúta ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn, bí ikùn ṣe ń jẹ oúnjẹ tí kì í ku nǹkan. Ó ní ìwé ti pọ̀ jù lórí ọmọ òun ni.

Ó bu ẹrẹ̀ náà. A ní kí ó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu.

Ògiri náà funfun ju ti ilé ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀gá Kékeré wọlé, ó la ẹnu, ó ń fi ọwọ́ pa á kiri. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ṣeun o. Ẹrẹ̀ abẹ́ ayùn ni?"

"Kí ni ì bá tún jẹ́?" Bàbá dáhùn.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Kò sí ẹrẹ̀ kan nínú ọgbà yẹn tí kò tabẹ́ ayùn wá. Bàbá kàn mọ̀ pé tí òun bá sọ ìyókù, ìwàásù á bẹ̀rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Irú ìdáhùn kékeré bẹ́ẹ̀ ló máa ń sin èèyàn.

Aránṣọ wá wo ògiri, ó ní òun ò gbà, ìyàwó kì í gbé inú ilé dúdú kí ọkọ máa gbé inú funfun. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó bù fún un, ó tún bá a gbé e délé. Ó fi kun ṣọ́ọ̀bù, ó fi kun yàrá tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ń sùn. Ẹni tó rí ti Aránṣọ wá bèèrè tirẹ̀. Bàbá kì í sọ pé rárá. Ọlọ́wọ́ ṣíṣí ni, kòtò sì ń kún.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá Kékeré yí padà. Wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìgbọ́kànlé, wọ́n ní òjé inú rẹ̀ ti ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà Omi yẹ omi inú àgbá wò, ó mọ́. Ó yẹ ìkòkò wò, ó yẹ oúnjẹ wò, ó yẹ àwọn ohun ìṣeré ọmọ wò. Kò rí nǹkan kan. Kò yẹ ògiri wò. Kí ló máa fi ẹrẹ̀ abẹ́ ayùn ṣe, ẹrẹ̀ tí òjé ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá àgbá òun ni kò dára, pé bóyá òun ti tan gbogbo àdúgbò jẹ. Kò sùn dáadáa mọ́. Ọmọ náà sì ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ gbàgbé "jókòó." Ó wá ń tọ́ka, ó ń ké, ó ń bínú pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá wọ yàrá láti wò ó. Ọmọ náà dúró, ó kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń fi ahọ́n lá a. Ó ti lá ibẹ̀ débi pé ó ti yàtọ̀, ó ń dán. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ebi ń pa ẹ́ ni?" Ó gbé e kúrò. Ọmọ náà ké, ó tún sáré padà síbẹ̀. Ó tún gbé e kúrò, ó tún padà. Ìgbà náà ni Bàbá fi ìka kan ògiri, ó sì fi ìka náà sẹ́nu.

Ó dùn.

Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni Bàbá Ayùn ti ń jẹ eruku òkúta. Ó ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ, ó ti gbé e mì pẹ̀lú itọ́, ó mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu bó ṣe mọ ohùn ìyá rẹ̀. Òkúta kì í dùn. Ó gbé ọmọ jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ tó ń ta lórí itan rẹ̀. Ó gbìyànjú láti wá ẹlòmíràn tó lè jẹ́ pé òun ló ṣe é. Kò rí ẹnì kankan.

Bí ọmọ rẹ̀ ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, ó sọ fún un kó tó gbé báàgì sílẹ̀.

"Ògiri yàrá yẹn, mo tọ́ ọ wò. Ó dùn."

"Kí ló dùn, Bàbá?"

"Ògiri."

Ó wò ó sùn-ùn. Bàbá rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i lára, díẹ̀díẹ̀.

"Ẹrẹ̀ wo lẹ fi kùn ún?"

"Tinú kòtò. Èyí tó ti yó."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Òjé máa ń dùn," ó ní, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo sọ fún yín, Bàbá. Mo sọ fún yín."

"O sọ," ni Bàbá wí.

Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ọsibítù, gìrì mú ọmọ náà. Ó le gbandi ní apá ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì gbà á wọlé. Wọ́n ní kí Bàbá dúró síta, ó dúró síta, ó fi ọwọ́ lérí, ó ń ka ojú sìmẹ́ńtì ilẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù níbẹ̀.

Ọmọ náà kò kú. Dókítà ọsibítù ní kò ní kú. "Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe padà," ó ní, ó sì wo ibòmíràn nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Bàbá wọlé, Ọ̀gá Kékeré dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó ń wo àjà. Bàbá tẹ̀ mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ṣé kí n dìde?" Ọmọ náà kò wò ó. "Ṣé kí n jókòó?" Kò gbọ́, tàbí ó gbọ́ tí kò mọ ohun tó jẹ́. Bàbá fi etí aṣọ bo ojú, ó sunkún bí obìnrin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èmi ò ní sọ pé kó má sunkún. Àfọwọ́fà ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dókítà Omi fà á jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù, níbi tí àwọn èèyàn jókòó sí lórí àga gígùn tí wọ́n ń dúró de orúkọ wọn.

"Ta ni ẹ tún fún?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. Ó ka ọwọ́ kan tán, ó mú èkejì. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ó tó." Ó gbé orí lé ògiri. "Bàbá, tí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní gbọ́ pé ọ̀dà ni. Omi ni wọ́n máa gbọ́. Wọn á da àgbá yẹn nù, wọn á padà sídìí kànga, òjé á tún máa wọlé sí wọn lára látinú omi. Ẹ jẹ́ kí n wá bí a ṣe máa sọ ọ́. Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀."

"Ọmọ Aránṣọ ń yọ eyín," Bàbá wí. "Gbogbo ohun tó bá rí ló ń fi ẹnu sí. Ṣé òun náà máa fún wa ní ọjọ́ díẹ̀?"

Dókítà Omi wo ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ rẹ̀ wà.

"Ìka tó ṣẹ̀ ni kí wọ́n gé. Èmi ni n ó lọ sọ ọ́. Ìwọ dúró ti ọmọ ẹ."

Ó ti rìn jìnnà díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó pè é padà. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi rẹ ògiri náà gbindin kí wọ́n tó ha á. Eruku rẹ̀ burú. Kí àwọn ọmọ má sí nílé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ sì sọ pé omi inú àgbá mọ́, Bàbá. Ẹ bá mi sọ ọ́ dáadáa."

Aránṣọ jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láàárọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ funfun bí inú ẹyin. Bó ṣe rí Bàbá, ó tú ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó dìde.

"Ọkọ mi! Ara Ọ̀gá ńkọ́? Wọ́n ní ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ní kí n wá kí yín lánàá, iṣẹ́ oníbàárà kan ló dè mí mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ mu omi." Ó ti ń bù ú nínú garawa kó tó parí ọ̀rọ̀. "Omi yín ni o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún wa lómi, Ọlọ́run á wo ọmọ yín sàn."

Bàbá kò gba ife náà. Ó sọ ọ́ ní ìdúró. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi páànù tó ṣí, ó sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe kìlọ̀ fún un tó, ó sọ ògiri tó tọ́ wò, ó sọ gìrì. Kò bo nǹkan kan. Aránṣọ di ife mú títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó wo ògiri rẹ̀ yí ká, láti igun kan dé èkejì.

"Ṣé inú omi náà ni ẹrẹ̀ yẹn ti wá?" ó bèèrè.

"Inú àgbá ni. Ṣùgbọ́n omi mọ́. Omi ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Kò jọ pé ó gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ó gbé garawa, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó da ti ife lé e. Ó gbé garawa òfìfo náà, ó kọrí sí ọ̀nà kànga. Ó ń rìn kíákíá, ó ń pariwo bó ṣe ń lọ, àwọn ìyá tó wà nídìí àgbá sì gbọ́. Ẹni tó ti pọn omi rẹ̀ dà á nù. Ẹnì kan ti àgbá kan ṣubú, omi àti òkúta ya sí ojú títì. Gbogbo wọn tẹ̀lé Aránṣọ.

Ẹsẹ̀ Bàbá Ayùn kò sáré mọ́ láti ọdún pípẹ́. Ó sáré lọ́jọ́ yẹn. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà, ó dé ìdí kànga ṣáájú wọn, ó fa ìdérí rẹ̀ dé ẹnu rẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ẹ bú mi," ó ní, èémí rẹ̀ ń gé. "Tó bá jẹ́ lílù lẹ fẹ́ lù mí, ẹ lù mí. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní pọn omi yìí. Àwọn ọmọ yín ló ń pa."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń pa wọ́n!" obìnrin kan kígbe.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi àti omi yìí. Èmi ti sọ tèmi. Omi yìí ò ní sọ tirẹ̀ fún yín láéláé."

Wọ́n bú u. Wọ́n bú ìyá rẹ̀ tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹnì kan ju òkò, ó bà á léjìká, kò dìde. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ: ẹ fi omi rẹ ògiri, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ mu omi inú àgbá. Ohùn rẹ̀ há, kò dákẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ariwo rọlẹ̀, nítorí pé Aránṣọ ti yí padà, ó ti lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé igi ló lọ mú.

Ọmọ rẹ̀ ló gbé wá. Ó la àárín èrò kọjá, ó gbé ọmọbìnrin náà lé Bàbá lórí itan, lórí ìdérí kànga níbẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn.

"Ẹ sọ fún òun náà, Bàbá Ayùn," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni. Ẹ sọ ọ́ fún un."

Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù hàn. Bàbá di ọmọ náà mú kó má bàa ṣubú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀.